Bí a ṣe ń hú lífìtì àtijọ́ nílẹ̀ láì pa èèyàn, láì ba kànga jẹ́

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹnìkan á pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí láti Ìpẹru. "Bàbá, a fẹ́ sọ ilé epo tí bàbá wa fi sílẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Irin kan ló wà láàárín ilẹ̀ tí kò jẹ́ ká rí kọnkéré dà. Ẹ bá wa wá gé e."

"Gé e" yẹn ló máa ń já mi láyà. Irin tí wọ́n ń wò yẹn, orí lífìtì tó ń gbé mọ́tò sókè lásán ni. Ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó gùn ju èèyàn lọ, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì lè há sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé epo náà pa. Ẹni tó bá gbé iná gáàsì lé irú irin bẹ́ẹ̀ lórí ti ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Mákùn ní Ṣàgámù ni mo ń gbé. Iṣẹ́ jáàkì àti lífìtì ni mo kọ́, òun ni mo sì fi tọ́ ọmọ. Kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978, Ìkòròdú sí Ṣàgámù ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ń gbà, ìdí nìyẹn tí ilé epo àtijọ́ fi pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Nígbà náà, ilé epo tó bá gbé ara rẹ̀ níyì máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, lífìtì á sì wà láàárín ibẹ̀: òpó kan ṣoṣo tó ń yọ láti inú ilẹ̀, tó ń gbé mọ́tò lọ sókè bí àga onígbàjámọ̀. Mọ́tò ti lọ gba ibòmíràn, àwọn tó ni ilé epo ti kú, òpó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni ewu rẹ̀ wà. Wọ́n rì sìlíńdà irin kan mọ́lẹ̀, ó lè jìn tó mítà méjì tàbí méjì àbọ̀. Òpó wà nínú sìlíńdà yẹn. Kọ̀mpurẹ́sọ̀ á ti afẹ́fẹ́ lu ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti òpó sókè. Bí òpó bá fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 100 psi, irú èyí tí fọkanáísà ń fún sínú táyà tírélà, agbára tó ń ti òpó náà lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Irú kejì kò lo afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù oníná ló ń ti ọ́ìlì láti inú tàǹkì kan, wọ́n sì lè ti rì tàǹkì yẹn náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àgbà ilé bóyá ó rántí ibi tí tàǹkì wà. Bí kò bá rántí, ẹ tẹ̀ lé páìpù.

Àwọn kan ṣì ń lo tiwọn, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń jò. Ìyẹn rọrùn. Nírọ̀lẹ́, ẹ gbé òpó sókè láì sí mọ́tò lórí rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára òpó níbi tó ti bá orí ilẹ̀ pàdé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Láàárọ̀, ẹ wo ìlà yín. Bó bá ti wọlẹ̀, ó lè jẹ́ pé fáàfù ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì tàbí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń mu ún. Ohun tí yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọ̀pá ìwọ̀n: ẹ sọ òpó kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù pátá, kí ẹ tó ki ọ̀pá bọ ojú ọ́ìlì, ìyẹn ihò tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Bí ọ́ìlì bá ń dín tí ẹ kò sì rí i lórí ilẹ̀, ẹ má bèèrè ibi tó ń lọ. Ọ́ìlì kì í fò lọ sọ́run. Mo tún máa ń bi ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé, "Gálọ́ọ̀nù mélòó lẹ ń dà sí i lóṣù?" Ọ̀gá rẹ̀ á ní àwọn kì í dà nǹkan kan sí i. Òun á ní gálọ́ọ̀nù méjì.

Ká wá sọ̀rọ̀ lórí híhú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá fa ọ́ìlì kúrò nínú tàǹkì nígbà tí omi ilẹ̀ ga, tàǹkì òfìfo lè léfòó kó sì gbé ilẹ̀ sókè. Ẹ wádìí ibi tí wáyà NEPA, páìpù omi àti tàǹkì pẹtiróòlù gbà. Bí ilé epo bá ṣì ní ìwé àṣẹ, ẹ sọ fún NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé epo, ẹ sì jẹ́ kí àjọ OGEPA tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé kan lónìí rọrùn ju ẹjọ́ kan lọ́la lọ.

Ohun àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ ni pé kí òpó wà nísàlẹ̀. Bó bá dúró lókè tó kọ̀ tí kò sọ̀, ohun kan ló gbé e dúró, ẹ kò sì mọ ohun náà. Ẹ to ìtì igi líle sábẹ́ apá rẹ̀ ní ìhà méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná kọ̀mpurẹ́sọ̀, ẹ yọ fíúsì, kí fíúsì náà wà nínú àpò ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má wà lórí tábìlì. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú tàǹkì kọ̀mpurẹ́sọ̀ dànù. Ẹ ṣí fáàfù lífìtì sí ọ̀nà ìtújáde, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́ kúrò. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè fọwọ́ kan ìdérí ojú ọ́ìlì.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ẹnìkejì mi kan wà tó já fáfá jù mí lọ. Ó yọ páìpù, ó wo géèjì, géèjì wà lórí òdo. Ó tẹ̀ síwájú ìdérí, ó fi sìpánà ńlá yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdérí fò, ọ́ìlì sì lù ú lójú. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́ títí dòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé géèjì tó wò, ti kọ̀mpurẹ́sọ̀ ni. Fáàfù tó wà láàárín ti dípẹtà pa, nítorí náà ohun tó wà nínú sìlíńdà ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Géèjì kì í sọ̀rọ̀ ibi tí kò sí.

Nítorí náà, ẹ wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí orí yín má sí lókè ìdérí, ẹ yí i ní ìdajì yíyí kan, kí ẹ dákẹ́ kí ẹ tẹ́tí. Bó bá ń sọ ṣìì, ẹ fi sílẹ̀ kó sọ tán. Ó lè tó wákàtí kan, ẹ lọ mu gàrí. Ẹ tún yí i díẹ̀. Bóòtù tó yí ọrùn òpó ká, àwọn tó mú òrùka irin orí sìlíńdà, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn títí ìdérí ojú ọ́ìlì yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Òrùka yẹn ló ń dá òpó dúró kó má jáde. Ẹni tó bá tú u nígbà tí agbára ṣì wà nísàlẹ̀ ti tú ìbọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n kí pọ́ǹpù tó wọlé, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, ẹ dé e pa, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Èyí tó kù, àgbá tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fà á sí, ẹ má dà á mọ́ kọ̀ndẹ́ǹmù ọ́ìlì mọ́tò. Ẹ ka iye lítà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lífìtì yìí ń gbà ju ọgọ́rùn-ún lítà lọ. Bí ẹ bá ṣírò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí ẹ sì rí ìdajì, ẹ ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti mu ìyókù. Bí omi bá sì jáde nísàlẹ̀ ọ́ìlì, ọ̀nà tí omi gbà wọlé ni ọ́ìlì gbà jáde.

Ìgò yẹn ń lọ fún àyẹ̀wò PCB. Kẹ́míkà kan ni, wọ́n ń lò ó nínú ọ́ìlì tírańsífọ́mà àti àwọn ọ́ìlì háídírọ́líìkì kan láyé àtijọ́ nítorí pé iná kì í tètè mú un. Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe rẹ̀ ní 1979. Kì í tètè jẹrà, inú ọ̀rá ẹja àti ọ̀rá èèyàn ló ń kó ara jọ sí, ó sì ń bá wàrà ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní 2013, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Stockholm, tó fi 2025 ṣe òpin lílo ohun èlò tó ní in, tó sì fi 2028 ṣe òpin kíkó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ààlà tí wọ́n ń wò ni 50 mílígíráàmù nínú kílò kan. Kì í ṣe gbogbo lífìtì ló ní in, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, a kò lè fi imú mọ̀ ọ́n. Ohun èlò kékeré kan wà tó ń wo klorínì nínú ọ́ìlì, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Bó bá ní klorínì kéré, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá ní ó pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tó péye, nítorí iyọ̀ lásán náà lè mú kí àwọ̀ yẹn yí.

Títí èsì yóò fi dé, kí àgbá wà lábẹ́ ìbòjì ní dídé. Mo mọ àwọn tó ń wá a. Àwọn oníplánkì á fẹ́ fi kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù á fẹ́ fi pa inú móòdù wọn. Ẹ má tà á fún wọn, ẹ má fi í tọrẹ. Ẹ má sì dáná sun ún: PCB tí kò jóná tán ń di májèlé míì tó burú jù ú lọ.

Kọnkéré ńkọ́? Ẹ gé e ní onígun mẹ́rin fífẹ̀ dáadáa, má ṣe fi òòlù fọ́ ọ ní wẹ́wẹ́ sínú ihò. Ìyẹn náà ló tó.

Gbígbẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń tan èèyàn. Ẹni tó bá ti rí Erédò Sùngbọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kòtò rẹ̀ dúró gbọnrangandan láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, á rò pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò lè ya. Àmọ́ ilẹ̀ tó yí lífìtì ká kì í ṣe ilẹ̀ àtilẹ̀wá. Ilẹ̀ tí wọ́n dà padà ni, ọ́ìlì ti rin ín, ó ń yọ̀. Mítà kan níbùú, lóròó àti nínú, ìwọ̀n rẹ̀ ju mọ́tò kékeré lọ. Ní Amẹ́ríkà, OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ní kí wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ihò ró tàbí kí wọ́n gé e ní dídagẹ̀rẹ̀ bó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ márùn-ún. Èmi kì í dúró dìgbà náà, bó bá ti kan ìbàdí mi mo ti ń fẹ ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ tí a kó jáde kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí ihò tó ẹsẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ gbé sìpánà tó bọ́. Òórùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ sùn sí. Bí ó bá di dandan kí èèyàn wọlé, kí mítà afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Bí ọ́síjìn bá kéré sí 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹni tó ń lọ. Okùn wà lára rẹ̀, ẹni méjì wà lókè.

Láti gbé e jáde, ọkọ̀ hàyábù tó ní apá ìgbẹ́rù ni mo ń lò, bẹ́líìtì méjì lọ́rùn sìlíńdà. Òpó àti sìlíńdà pọ̀ lè ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ, ilẹ̀ á sì tún mú un mọ́lẹ̀. Ẹ mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má já a. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ dè é, torí ọ́ìlì á máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí wẹ́dà bá dé tó fẹ́ gé e fún àwọn oníàlòkù irin níbẹ̀, ẹ ní kó lọ jókòó. Sìlíńdà tó "ṣófo" ṣì ní òórùn ọ́ìlì nínú, òórùn yẹn ni iná ń gbà bú. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ gígé.

Ẹ yí ìdí sìlíńdà sókè kí ẹ wò ó. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì rántí ìhà ibi tó kọjú sí nínú ilẹ̀.

Bíbu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò ló kàn. Ẹ jẹ́ kí katapílà bu ú wá, kí ẹ yọ èyí tó wà láàárín garawa rẹ̀, tí irin kò kàn. Ọ̀kan láti abẹ́ ibi tí ìdí sìlíńdà wà gan-an, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú jù, ọ̀kan lábẹ́ tàǹkì, ọ̀kan lójú ọ̀nà páìpù, ọ̀kan láti igun ọgbà tí mọ́tò kò dé rí, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa fi wé e. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí irin tí a fọ̀ láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Ìgò gíláàsì tó kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má rí àyè, kó wọ inú kúlà oníyìnyín lójú ẹsẹ̀, kí ìwé tó ń sọ ẹni tó gbé e àti ẹni tó gbà á tẹ̀ lé e. Ẹ bèèrè fún TPH, ìyẹn àpapọ̀ epo inú ilẹ̀, àti PCB. Bí tàǹkì pẹtiróòlù bá wà nítòsí, ẹ fi BTEX, ìyẹn àwọn kẹ́míkà inú pẹtiróòlù, kún un.

Ní ti TPH, ìlànà EGASPIN tí wọ́n ń tẹ̀ lé nídìí epo rọ̀bì ní Nàìjíríà fi 50 mílígíráàmù nínú kílò ilẹ̀ kan ṣe ibi tó dára kí a dé, ó fi 5,000 ṣe ibi tó ti di dandan kí a tún ilẹ̀ ṣe. Fún omi abẹ́ ilẹ̀, 50 àti 600 máíkírógíráàmù nínú lítà kan ni. Ààyè pọ̀ láàárín 50 sí 5,000, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ti máa ń fẹ́ dúró. Ohun tí mo máa ń wò ni kànga. Iyanrìn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú-Òde kì í dá nǹkan dúró, òkúta ẹfun abẹ́ Ṣàgámù tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì sì ní ihò àti ojú tó sán. Bí kànga bá wà nítòsí, mo ń gbẹ́ sí i.

Ẹ̀bi mi ló kọ́ mi. Ní ìlú kan ní Rẹ́mọ, ó ti pẹ́, mo hú lífìtì láàárọ̀, mo da ilẹ̀ padà nírọ̀lẹ́, torí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi fẹ́ da kọnkéré kí Iléyá tó wọlé. Mo ta àgbá ọ́ìlì méjì fún oníplánkì, inú mi dùn. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, ìyá kan tó ń ṣe gàrí lẹ́yìn ògiri ránṣẹ́ pè mí. Omi kànga rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè. Mo kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ dídán ilẹ̀ pupa lásán, nítorí omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi igi rú u. Ti irin máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èèpá, kò ní padà pọ̀. Èyí pín, ó sì tún rọra ṣàn padà pọ̀. Mi ò lè wo ojú ìyá náà. Owó bòhóòlù tí mo gbẹ́ fún un ju owó tí wọ́n san fún mi lórí iṣẹ́ náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ọ́ìlì tí mo tà, mi ò sì lè gbà á padà lára òrùlé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ihò wà ní ṣíṣí títí èsì á fi dé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó kọjá, Àlàájà tó ni ilé epo bínú sí mi.

"Bàbá, ṣé ihò lẹ wá gbẹ́ fún mi láti máa ṣọ́?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni."

"Àwọn ọmọ ń kọjá níbí o!"

Ó tọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. A fi páànù yí i ká, a fi irin dábùú ẹnu rẹ̀, a da tapólì bò ó, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ tí a kó jáde náà wà lórí ọ̀rá tó nípọn, ọ̀rá míì bò ó kí òjò má baà fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà. Èsì dé: ìgò abẹ́ ìdí sìlíńdà lé ní 5,000, kò sí PCB. A tún gbẹ́ mítà kan sí i, a bu míì, ó wálẹ̀. Ilẹ̀ tó bàjẹ́ bá àwọn tí ìjọba fún ní àṣẹ kíkó irú rẹ̀ lọ.

Nígbà míì, ìpìlẹ̀ ògiri máa ń gun orí sìlíńdà, híhú rẹ̀ á sì wó ilé. Nígbà náà, a lè fi sílẹ̀ síbẹ̀: ẹ fa ọ́ìlì tán, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ fún àyẹ̀wò, bí èsì bá sì dára, ẹ da iyanrìn tí a pò mọ́ sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀ dé ẹnu.

Dídí ihò kò ní wàhálà: iyanrìn tó mọ́, ìpele kan kó má ju ẹsẹ̀ kan lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ le kí èkejì tó bọ́ sórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọnkéré yín á jìn lẹ́yìn òjò méjì. Mo fi téèpù wọn ibi tí ihò náà wà láti ògiri méjì, mo yà á sórí ìwé, mo so ó mọ́ èsì àyẹ̀wò àti fọ́tò ìdí sìlíńdà. Àlàájà kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan náà tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà.